Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: ẹ jẹ́ ká kọ́ àwọn ọmọ wa bí a ṣe ń wá àìsàn inú kọ̀ǹpútà

 

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù kà á dé ìsàlẹ̀, torí ó kan gbogbo wa.

Ní ọjọ́ kan, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ wa lọ gba ohùn àwọn ìyá àgbà mẹ́fà sílẹ̀. Oríkì ìdílé ni wọ́n kì, wọ́n sọ ìtàn bí àwọn baba wọn ṣe tẹ̀dó, wọ́n kọ orin ìyàwó tí àwọn ọmọ ìwòyí ò gbọ́ rí. Inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo la kó gbogbo rẹ̀ sí. Àṣìṣe tiwa nìyẹn, a sì gbà pé a jẹ̀bi. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ náà ò tàn délẹ̀ mọ́. Á bẹ̀rẹ̀, á dé ìdajì, á dúró. A gbé e lọ fún oníṣẹ́ kan. Kò pẹ́ rárá tó fi dá a padà, ó mọ́ tónítóní bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó ti nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn èèyàn wa ń fi Faransé pè ní formater. A bi í pé kí ló ṣe ẹ̀rọ náà. Ó ní, «Ó planté ni.» Ìyẹn ni pé kò mọ̀.

Méjì nínú àwọn ìyá mẹ́fà yẹn ti filẹ̀ bora báyìí. Kò sí ibi tí a ti lè lọ tún ohùn wọn gbà.

A kì í bú oníṣẹ́ náà. Ohun tí gbogbo wa ń ṣe lòun náà ṣe. Foonu bá dúró, a nù ún. Kọ̀ǹpútà bá lọ́ra, a nù ún. Àwọn ọmọ wa ń wò wá, wọ́n sì ti gbà pé báyìí la ṣe ń wo ẹ̀rọ sàn. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́: orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ohun tí àwa ń sọ lónìí ni pé kí a tó kọ́ ọmọ ní bí a ṣe ń tún kọ̀ǹpútà tò láti ìbẹ̀rẹ̀, ó yẹ ká kọ́kọ́ kọ́ ọ ní bí a ṣe ń wá ibi tí àìsàn wà. A sì ti rí ohun èlò kan tó dára fún ẹ̀kọ́ yìí ju bí a ṣe rò lọ.

Nínú gbogbo kọ̀ǹpútà, ètò kan wà tó jẹ́ olórí àwọn ètò yòókù. Òun ló ń pín ìrántí ẹ̀rọ, òun ló ń sọ ẹni tí yóò lo ọpọlọ ẹ̀rọ àti ìgbà tí yóò lò ó. Faransé pè é ní noyau, bíi kóró inú máńgòrò. Kóró ni àwa náà ń pè é ní kíláàsì. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni wọ́n ń gbà ṣe é.

Èkíní ni kóró ńlá. Ohun gbogbo ló wà nínú rẹ̀: ẹni tó ń tọ́jú fáìlì, ẹni tó ń tọ́jú íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń darí dísìkì àti bọ́tìnì. Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Finland ní 1991, irú èyí ni. Ó yára, ó sì gba ayé kan. Foonu Android tí púpọ̀ nínú yín fi ń ka ọ̀rọ̀ yìí, Linux ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ronú nípa ààfin kan tí gbogbo ìjòyè ń gbé inú yàrá kan náà pẹ̀lú ọba. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ya wèrè tó sì mú àdá, ọba pàápàá lè fara gbọgbẹ́.

Èkejì ni kóró kékeré. Níbẹ̀, iṣẹ́ ọba ò pọ̀. Ó ń pín ìrántí, ó ń pín àkókò, ó sì ń gbé iṣẹ́ tí ẹnì kan rán lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ọwọ́ àwọn tí Faransé ń pè ní serveur ni iṣẹ́ yòókù wà. Àwa ń pè wọ́n ní ìránṣẹ́. Olúkúlùkù wọn ní ilé tirẹ̀, ògiri sì wà láàárín wọn. Bí ọ̀kan bá ya wèrè, ilé tirẹ̀ ló máa dàrú.

Ọ̀rọ̀ èwo ló dára jù dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé. Ní oṣù kìíní ọdún 1992, Andrew Tanenbaum, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Amsterdam tó ṣe MINIX ní 1987, sọ ní gbangba pé ìlànà kóró ńlá ti di ohun àtijọ́. Torvalds ò gbà, ó sì fèsì kíkan kíkan. A ò fẹ́ dá ẹjọ́ náà níbí. Iye èèyàn tó ń lo Linux lónìí fi hàn pé Torvalds ò ṣìnà. Ṣùgbọ́n ní 2017, ó hàn sí gbogbo ayé pé MINIX ni Intel fi pamọ́ sínú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń lo ọpọlọ ẹ̀rọ rẹ̀. Nítorí náà, kóró kékeré náà wà lẹ́nu iṣẹ́, àní nínú àpò àwọn tí kò mọ orúkọ rẹ̀.

Èyí tí a mú wọ ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà wa ni Hurd. Nínú iṣẹ́ GNU tí Richard Stallman kéde ní 1983 ló ti wá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ Hurd fúnra rẹ̀ ní 1990, wọ́n sì gbé e ka orí Mach, kóró kékeré tí wọ́n ṣe ní yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà. Àwọn ará Debian ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́. A fi í sínú QEMU, ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan dà bí ẹni pé kọ̀ǹpútà mìíràn wà nínú rẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá bà á jẹ́, a ó mú àdàkọ mìíràn. Ẹnikẹ́ni ò ní sunkún.

Nínú Hurd, ìránṣẹ́ tó ń jẹ́ auth ló ń jẹ́rìí pé lágbájá ni lágbájá. Proc ló mọ gbogbo ètò tó ń ṣiṣẹ́. Exec ló ń gbé ètò tuntun dìde. Ext2fs ló ń tọ́jú fáìlì orí dísìkì, pfinet ló ń bójú tó íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí ọ̀kan tó lè dá nǹkan ńlá ṣe láìsí èkejì. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Nítorí náà, bí nǹkan bá dúró, ẹni tó ń ké lè má jẹ́ ẹni tó ń ṣàìsàn. Ó lè jẹ́ pé ó rán iṣẹ́ sí ẹnì kan ni, tí èsì ò dé.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa. Nínú Hurd, ẹnikẹ́ni lè kọ ìránṣẹ́ kékeré tirẹ̀, kó sì fi í jókòó sórí fáìlì tó jẹ́ tirẹ̀, láìtọrọ àyè lọ́wọ́ alábòójútó ẹ̀rọ. Translator ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ògbufọ̀. Ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa kọ ògbufọ̀ tí yóò máa sọ ọjọ́ ọjà. Bí ẹ bá ka fáìlì rẹ̀, á dá yín lóhùn pé ọjà ibí ni wọ́n ń ná lónìí. Inú gbogbo wa dùn. Lọ́jọ́ kan, a ka fáìlì náà, kò dáhùn. Ẹ̀rọ kàn ń wò wá. Ọmọ mìíràn ní kí òun wo ohun tó wà nínú àpò fáìlì náà pẹ̀lú ls -l, ìyẹn náà dúró gbagidi. Òmíràn ní kí òun fi ps wo àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́, ps náà dúró. Ni gbogbo wọn bá pariwo pé, «Ó ti planté, ẹ jẹ́ ká tún un tò!»

A ní kí wọ́n dúró. A bi wọ́n ní ìbéèrè kan: ta ló ṣì ń jẹ́ iṣẹ́? Wọ́n lọ sí ojú-ìwòye mìíràn, wọ́n tẹ̀wé, ó gbà. Wọ́n ṣí àpò fáìlì mìíràn, ó ṣí. Íntánẹ́ẹ̀tì ń dáhùn. Ó ti hàn nìyẹn pé ìlú ò kú, ilé kan ló ní ìṣòro.

Ìbéèrè kejì: ta ló ń dúró de ta? Ls -l máa ń bi olúkúlùkù fáìlì léèrè bó ṣe rí. Nígbà tó kan fáìlì ọjọ́ ọjà, ó béèrè, kò rí èsì, ló bá dúró. Ps náà máa ń bi olúkúlùkù ètò léèrè ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Nígbà tó kan ògbufọ̀ yẹn, òun náà dúró. Àwọn tí a rò pé wọ́n ti kú, àlejò lásán tó ń kan ilẹ̀kùn ni wọ́n. A wá lo ps -M, èyí tí kì í kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, tó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ nìkan. Ó dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, a sì rí i pé wọ́n ti dá ògbufọ̀ ọjọ́ ọjà dúró.

Kí ló fà á tí kóró ò fi kéde ikú rẹ̀? Àwa la fà á. Ìránṣẹ́ kan wà nínú Hurd tó ń jẹ́ crash, òun ni wọ́n ń ké sí bí ètò kan bá ṣubú. Ohun mẹ́ta ló lè ṣe: ó lè pa á tán, ó lè kọ ohun tó wà nínú ìrántí rẹ̀ sínú fáìlì, tàbí kó dá a dúró bó ṣe wà, kí a lè yẹ̀ ẹ́ wò. A ti yan ẹ̀kẹta, torí ẹ̀kọ́. Bí wọ́n bá pa á tán, kóró á mọ̀ pé ilé ti ṣófo, ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn á rí èsì pé ẹni tó ń wá ti kú. Ṣùgbọ́n bí òkú bá ṣì jókòó lórí àga tí ilẹ̀kùn sì wà ní ṣíṣí, àlejò á máa kí i ni, á máa retí kó dáhùn.

A so gdb mọ́ òkú náà, gdb sì fi ìlà ibi tó ti ṣubú hàn wá. Ẹ ó rẹ́rìn-ín. Ọjà ọrún-ọrún la máa ń wí, torí Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn. Ọmọ náà fi márùn-ún pín ọjọ́, ṣùgbọ́n orúkọ ọjà mẹ́rin péré ló tò sínú ètò rẹ̀, bí ọjọ́ ọjà ṣe jẹ́ ní òótọ́. Ní ọjọ́ tí ìṣírò bá bọ́ sí ipò karùn-ún, ètò á lọ mú ohun tí kò sí níbẹ̀, á ṣubú. Ó yí márùn-ún sí mẹ́rin. Ó pa èyí tó ti ṣubú, ó gbé tuntun dìde, ls àti ps tó ti dúró sì tú sílẹ̀. A ò pa ẹ̀rọ. A ò nu nǹkan kan. Ọmọ náà sì ti mọ ìdí rẹ̀ dé gbòǹgbò.

A ò purọ́ fún yín pé gbogbo rẹ̀ ló rọrùn báyẹn. Nígbà mìíràn, kò sí ẹni tó kú rárá. Ìránṣẹ́ kan ń retí èsì lọ́dọ̀ èkejì, èkejì náà ń retí ti èkíní. Ó dà bí àna méjì tí olúkúlùkù ń retí kí èkejì kọ́kọ́ kí òun. Wọn yóò pẹ́ níbẹ̀. Interblocage ni ìwé Faransé pè é. A ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún àwọn ọmọ léraléra, kò wọ̀ wọ́n létí. Ọjọ́ tí a sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ àna méjì, kò sí ẹni tó gbàgbé rẹ̀ mọ́. Àwa tí a fi Faransé kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní láti gba òótọ́ yìí: ọmọ tó bá ronú ní èdè ìyá rẹ̀ ń tètè rí ibi tí okùn ti lọ́. Ká máa fi Faransé kọ ìdánwò, kò burú. Ká fi Yorùbá wá àìsàn.

Èyí tó le jù ni bí ìránṣẹ́ tó ń tọ́jú dísìkì àgbà fúnra rẹ̀ bá ń ṣàìsàn. Bí ẹ bá dá a dúró kí ẹ lè fi gdb yẹ̀ ẹ́ wò, gdb náà á dúró, torí orí dísìkì yẹn kan náà ni gdb ti ń mú ohun èlò rẹ̀. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Àwọn tó ṣe Hurd mọ èyí. Wọ́n ń gbé Hurd kékeré kan dìde nínú Hurd ńlá, wọ́n á sì dúró sínú èyí tó lera láti wo èyí tó ń ṣàìsàn.

Níbi tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní èyí ni ọ̀rọ̀ ohùn àwọn ìyá àgbà tún bà wá nínú jẹ́. Torí ohun tó yẹ ká ṣe fún ẹ̀rọ tiwa lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ká fi kọ́kọ́rọ́ USB tí ètò mìíràn wà lórí rẹ̀ tan ẹ̀rọ náà, ká dúró níta wo dísìkì rẹ̀, ká kó ohùn àwọn ìyá jáde, kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ó lè jẹ́ fáìlì kan péré ló bàjẹ́. Ó lè jẹ́ pé dísìkì ti kú lóòótọ́. A ò mọ̀, a ò sì lè mọ̀ mọ́, torí ẹni tó nu ẹ̀rọ ti nu ẹ̀rí mọ́ ọn.

Àwọn kan á sọ pé ta ló ń lo Hurd? Òótọ́ ni, kò sí ọ́fíìsì kan tí a lè ní kó fi í ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ káàdì àti ẹ̀rọ ni kò mọ̀, kò sì yára tó Linux. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì ẹ̀kọ́ ẹ̀dá, a máa ń la ọ̀pọ̀lọ́ kí àwọn ọmọ lè mọ ibi tí ọkàn wà. A ò tíì gbọ́ kí ẹnì kan béèrè pé ta ló ń jẹ ọ̀pọ̀lọ́. Hurd ni ọ̀pọ̀lọ́ tiwa. Ohun tí wọ́n bá kọ́ lára rẹ̀, wọ́n á lò ó lára Windows, lára Linux, lára foonu, àní lára alùpùpù tó kọ̀ tí kò tan.

Àwọn mìíràn á sọ pé ẹ̀rọ tó bá ṣubú, kó kàn máa dìde fúnra rẹ̀. Irú rẹ̀ wà. Nínú MINIX 3, tó jáde ní 2005, ìránṣẹ́ kan wà tó máa ń bi àwọn yòókù léèrè pé, «Ṣé o wà?» Ẹni tí kò bá dáhùn, á pa á, á gbé òmíràn dìde ní ipò rẹ̀. Wọ́n fún un ní orúkọ tó túmọ̀ sí àtúnwáyé. Àwa ìbá sọ ọ́ ní Babátúndé. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n bí èyí tó ń padà wá bá tún ń kú, tó tún ń wá, tó tún ń kú, ẹ̀yin náà mọ orúkọ tí a ń pè é. Àbíkú ni. A kì í fi ìdìde nìkan wo àbíkú, a máa ń wádìí ohun tó ń pa á.

Àwọn oníṣẹ́ wa á sì sọ pé oníbàárà ò ní sùúrù, àti pé iná ń lọ ń bọ̀. A mọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ̀bẹ̀ ohun díẹ̀ péré.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ẹ̀rọ, kí ẹ tó nu ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni, ẹ bi olóhun pé, «Kí lo ní nínú rẹ̀ tí o ò fẹ́ kó sọnù?» Kí ẹ sì kó o jáde ná. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí ọmọ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta kí ó tó fọwọ́ kan bọ́tìnì: ta ló ṣì ń jẹ́ iṣẹ́, ta ló ń dúró de ta, kí ni a yí padà kẹ́yìn? Kó yí ohun kan padà lẹ́ẹ̀kan, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé, ní Yorùbá bí ó bá fẹ́. Ẹ̀yin òbí, ohun tó bá ṣe iyebíye, ẹ má fi sí ojú kan ṣoṣo.

Àwọn ọmọ wa ti padà lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá mẹ́rin tó kù. Ojú mẹ́ta la fi ohùn wọn pamọ́ sí báyìí. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà bi wọ́n pé ṣé ẹ̀rọ tó gbé ohùn òun mì lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n tún gbé wá. Àwọn ọmọ dáhùn pé òun kọ́, àti pé bí ó bá ṣàìsàn lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ti mọ bí àwọn ó ṣe wò ó.

Ẹ sọ èrò tiyín fún wa o. Ta ló ti pàdánù nǹkan báyìí rí? Ire o.